Ọwọ́ Mi àti Èémí Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ pé mo fẹ́ pa ọkọ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ìdì aṣọ ọjà ní èjìká, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó ti kú báyìí. Ọkọ mi náà ti kú. Àwọn tó jókòó nínú ìpàdé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọ́n ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tó.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní báyọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan láàárín ìlú. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní apá Ewékorò. Bọ́ọ̀sì á gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, á gbé e padà ní òwúrọ̀, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti funfun bí ẹni tó dorí kọ àpò ìyẹ̀fun. Á wẹ̀, á kírun, á jẹun, á sùn. Nígbà tí mo bá fi ti ilé-ìwé dé, oorun ṣì ni yóò máa sùn.

Ilé bàbá wọn ni à ń gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti pupa. Àwa àti àwọn ọmọ wa wà nísàlẹ̀. Àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ olórí ẹbí, wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lókè. Aláṣọ ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Alhaja. Ìyàwó ilé kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ. Nígbà náà, àṣà ni kò jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀. Lónìí, èmi ni kò wù láti pè é.

Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọmọ mi ló máa ń pè é, kì í pè é ní àbúrò. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú mi wálé, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tíṣà, tí mo tún jẹ́ tíṣà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ó dára. Ó kàwé. Ṣé ó mọ ata lọ̀?" Mo mọ ata lọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ata.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo ti gbọ́ híhanrun ọkọ mi láti ìta. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ohùn náà gé. Ilé dákẹ́. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá dákẹ́ lójijì, ẹni tó ti gbàgbé pé ó ń dún gan-an á gbójú sókè. Báyìí ló ṣe mí. Mo wọlé. Ọkọ mi na gbalaja, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Inú rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbé ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kankan kò wọlé, kankan kò jáde. Mo gbé ọwọ́ mi sí imú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ kejì mú un láyà, mo mì í. Ó ṣì dákẹ́ síbẹ̀. Mo mì í gidi. Ó fọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú odò, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Nígbà tí mo yíjú, Alhaja ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń ṣe fún un?"

"Alhaja, ẹ káàbọ̀, mà. Kò mí ni."

"Kò mí? Ta ló wá ń pariwo yìí?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mí ni. Ó dákẹ́ ná. Mo ní kí n jí i."

Ó sọ ìdì aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọwọ́ kan nímú, ọwọ́ kan láyà. Ojú mi kò fọ́, Ìyàwó Tíṣà. Ìwọ lo fẹ́ pa ọmọ mi."

Ọkọ mi la ojú pupa. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

"Béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn." Ó kọjú sí ògiri, ó sì sùn. Òun tó yẹ kó gbà mí sílẹ̀, oorun ló sùn. Kí ẹ má sì rò pé ìgbà yẹn nìkan ni.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sì ń fún un lẹ́sẹ̀, nítorí pé ibi gbogbo ló ti ń sùn. Ó sùn nínú bọ́ọ̀sì kọjá ilé, wọ́n gbé e dé ibùdókọ̀ ìkẹyìn. Ó sùn níbi ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, kò gbé e sókè mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ẹ̀bẹ̀ ńlá ló ní lọ́dọ̀ Ọlọ́run, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìyẹn pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀gá rẹ̀ bá a níbi tó ti ń tòògbé lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta. Ọ̀gá náà ní bí òun bá tún bá a bẹ́ẹ̀, kí ó má padà wá. Ó sì fi kún un pé, ìyẹn bí òkúta kò bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ mọ́ra.

Mo wá mọ ibi tí mo wà. Bí èémí ọkọ mi bá dúró tí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́, tàbí bí oorun bá jù ú sínú ẹ̀rọ, èmi ni wọn yóò ní mo pa á. Ẹlẹ́rìí ti wà nílẹ̀. Ó rí ọwọ́ mi.

Àwọn obìnrin àdúgbò gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní èmi ni mò ń fa èémí ọkọ mi, kí tèmi lè gùn. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé korobá lọ sẹ́nu ẹ̀rọ omi, ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ fún mi, ó tẹrí ba bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyàwó Tíṣà, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ wa mí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi kún korobá tí ó ń dànù. Mo dá a lóhùn pé bí mo bá mọ bí wọ́n ti ń fa èémí, ẹnu tirẹ̀ ni n bá ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn sí ìdáhùn náà títí mo fi délé. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìdáhùn tí àjẹ́ máa fún ènìyàn nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń fura sí mi ni èmi náà ń fura. Èmi tí mo kàwé, mo ń gbóòórùn ọbẹ̀ kí ọkọ mi tó jẹ ẹ́. Mo fura sí ọṣẹ tó fi ń wẹ̀. Mo fura sí obìnrin kan tó máa ń jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì. Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe. Mo ní kí n fi ọjọ́ tí ara rẹ̀ le wé ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá, kí n wo ohun tó yàtọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó ń hanrun bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n híhanrun náà kì í gé púpọ̀. Ọjọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ni ó máa ń gé, tó máa ń pẹ́ kó tó padà. Ọbẹ̀ kan náà ló ń jẹ ní ọjọ́ méjèèjì, ọṣẹ kan náà ló fi ń wẹ̀. Ohun kan péré ló yàtọ̀. Ní òwúrọ̀ iṣẹ́, Alhaja máa ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan.

Ìgò àgbo ni, tí egbò àti èèpo igi kún inú rẹ̀, tí omi rẹ̀ pọ́n dúdú. Ó ní ó ń fọ eruku sìmẹ́ǹtì kúrò láyà, ó sì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ òru rí oorun ọ̀sán sùn. Fúnra rẹ̀ ló máa ń bù ú sínú ife, tó máa dúró tì í títí á fi mu ún tán, tó máa ní, "Ọlọ́run á fi ṣe òògùn." Bàbá, olórí ẹbí, náà ń mu tirẹ̀ fún ìbàdí, kò sì sí àlejò tí kì í yìn ín fún. Alhaja kò fi ìgò ọkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa rí. Yóò dì í pa, yóò gbé e padà sókè.

Mo rò ó pé májèlé ni. N kò ní purọ́. Mo dùbúlẹ̀ mo rò ó, pé obìnrin yìí lè pa ọmọ tó tọ́ dàgbà, kí ó sáà lè ti ọ̀rọ̀ òkú rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Ẹni tí kò bá tíì gbé inú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ lè rò pé mo sìnwín.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan. Ìyàrá kan náà la jọ sùn ní ilé-ìwé, ó ti lọ kàwé dókítà ní òkè òkun, ó sì ti padà sílé. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Ṣé ó sanra?"

"Ọrùn rẹ̀ tóbi."

"Ó máa ń hanrun?"

"Lọ béèrè ní Kẹ́mta."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dára, Tíṣà. Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ló ń sọ fún wa pé ká mí?"

Mo ní ọpọlọ ni.

"Báwo ni ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò?"

Mo dáhùn bí ọmọ kíláàsì. Afẹ́fẹ́ tó yẹ ká mí jáde ló ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á sì kan díẹ̀, bí ẹ̀kọ ṣe ń kan.

"Ehn-ẹn. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ìpàkọ́ ti pàdé ọrùn, ẹ̀ṣọ́ kan wà tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá ti kan jù, á ránṣẹ́. Kẹ́míkà ló fi ń ránṣẹ́, láti iṣan dé iṣan, títí dé àyà àti ọ̀fun. Bí a bá sùn, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí ẹran ọ̀fun dúró gírí máa ń dínkù. Lára àwọn kan, pàápàá àwọn ọlọ́rùn ńlá, ọ̀fun á rọ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ọ̀nà á sì dí. Àyà ń fà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ yẹn bá pariwo tó, ẹni náà á ta jí díẹ̀, ọ̀nà á là, á mí. Òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ pé òun jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, a máa rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí kò sùn rárá."

"Bí ẹ̀ṣọ́ náà bá wá sùn ńkọ́?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ gan-an nìyẹn. Àwọn nǹkan kan wà tó ń pa á lóhùn. Òògùn oorun ń pa á lóhùn. Ọtí ń pa á lóhùn. Kí ni ọkọ ẹ máa ń mu kó tó sùn?"

"Ọtí kẹ̀? Alhaja ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Àwọn tí kì í jẹ́ kí ìgò bíà òfìfo wọ ilé."

"N kò bi ọ́ ní ẹ̀sìn rẹ̀," ni dókítà wí. "Mo bi ọ́ ní ohun tó ń mu."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ pé orí ń fọ́ mi, n kò lọ sílé-ìwé kíákíá. Nígbà tí Alhaja sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì dúró nítòsí. Ẹnìkan pè é láti ẹnu ọ̀nà pé aṣọ ti dé láti ọ̀dọ̀ aláró. Ó jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ife náà sí imú. Òórùn kànáfùrù ló kọ́kọ́ gbá mi lójú, lẹ́yìn náà atalẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ́rù. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni òórùn kan wà tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ òórùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mi, òórùn fìtílà kékeré tí a fi ń mú nǹkan gbóná nínú gíláàsì, èyí tí a ń rọ sípíríìtì sí dípò epo. Mo gbé ife sílẹ̀ kí ó tó wọlé. Ó wò mí, ó wo ife, ó tún wò mí.

Ó gbọ́n. Kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ní Bàbá ń pè mí ní pálọ̀. Bàbá jókòó lórí àga gígùn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Alhaja kò jókòó.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá wí, "ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní ohun tó rí."

"Mo rí i tó ń di ọmọ mi nímú," ni Alhaja wí. "Mo tún rí i tó ń yọjú sínú òògùn rẹ̀. Kí ló fẹ́ dà sí i? Bàbá, n kò ní ká lé e. Kí ó sáà kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ká wò ó bóyá ọmọ wa á mí."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ọmọ tiwa ni wọ́n. Ibí ni wọ́n máa wà."

Mo wo ọkọ mi. Ó ṣì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tí ò ń mu ún, báwo ló ṣe máa ń rí lọ́fun?"

Ó rò ó. "Ó máa ń ta. Gbogbo àgbo ló máa ń ta."

Mo bẹ Bàbá pé kí Alhaja gbé ìgò náà wá, pé mo ní ohun kan láti fi hàn wọ́n, bí kò bá sì rí bí mo ṣe rò, n ó kó ẹrù mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ní kí wọ́n gbé e wá. Alhaja ní kí ló dé tí òun fi máa gbé òògùn wá fún ẹni tí òun ń fura sí. Bàbá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó gbé e wá.

Mo pa fèrèsé dé. Mo bu ẹ̀kún ṣíbí díẹ̀ sínú sọ́sà, mo gbé e ka orí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Mo mú ìṣáná.

N óò sọ ohun kan tí n kò sọ níbẹ̀. Kí n tó ṣá ìṣáná, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, Alhaja ti fa ìró rẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá kò fà sẹ́yìn. Ọkọ mi kò fà sẹ́yìn. Ta ló máa ń fa aṣọ sẹ́yìn nítorí omi egbò?

Sọ́sà gbiná. Iná náà kò pupa. Ó dà bí aró tí wọ́n fi omi là, ó ń rìn káàkiri ojú àgbo náà láìpariwo. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá. Ọkọ mi dìde dúró.

"Ògógóró ni," ni mo wí. "Òun ló ń pa ọpọlọ rẹ̀ lóhùn lójú oorun. Ọpọlọ rẹ̀ kò ráyè sọ fún un pé kó mí."

Alhaja kò tilẹ̀ wo iná náà pẹ́. "Ẹ rí i? Ẹ ti rí i? Ta ló mọ bí ọtí ṣe ń jó nínú wa? Òun ni onígbàgbọ́, òun ni tíṣà. Òun ló dà á sí i lọ́jọ́ tó yọjú sí ife! Omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ nígbà tí mo rà á."

Mo rí i tí ojú ọkọ mi yí padà sí mi. N kò lè gbàgbé ojú náà. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà pé ìyàwó òun ni, ju pé ẹ̀gbọ́n òun ni lọ. Ohun tó sọ sì ṣeé gbọ́ létí.

Bàbá ló gbà mí, kì í sì í ṣe nítorí tèmi. Ó ní, "Níbo lo ti rà á?"

"Ní Ìtòrí, nígbà tí mo bá ná ọjà."

"Níbi tí o ti ra tèmi?"

Bàbá dìde pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀, ó tú kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ṣòkòtò, ó lọ ṣí yàrá rẹ̀ tí ìyàwó kankan kò wọ̀ rí. Ó padà wá pẹ̀lú ìgò tirẹ̀ lábẹ́ agbádá. Fúnra rẹ̀ ló dà á sínú sọ́sà. Ó na ìṣáná sí mi láìwo ojú mi.

Ti Bàbá jó ju tọkọ mi lọ.

Iná náà kú fúnra rẹ̀. Bàbá wá ní, lóhùn jẹ́jẹ́, "Mo ti ní bí mo ṣe ń gbádùn oorun tó yìí kò yé mi." Ẹ̀rín gbé mi lọ́fun, mo gbé e mì. Ó kọjú sí Alhaja. "O ti ń fún mi ní ọtí mu láti Ààwẹ̀ tó kọjá."

"Òògùn ni mo fún yín, Bàbá. Òògùn ni mo rà."

"Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yìí," ni Bàbá wí. "Ilé àwọn tó mọ Ọlọ́run ni ibí. Ìyàwó wa, o gbọ́ mi? O ti yọ ara rẹ. Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, orúkọ tèmi ti kọjá ẹnu ọ̀nà tipẹ́. Ẹnu ẹ̀rọ omi ló wà."

"Ìwọ lo kàwé. Fara dà á."

Ọkọ mi bá mi ṣí fèrèsé. Gbogbo ohun tó ṣe nípa ọ̀rọ̀ náà láyé nìyẹn.

Wọ́n da ìgò méjèèjì nù sẹ́yìnkùlé. Ọ̀rẹ́ mi dókítà ní kí ó má fẹ̀yìn sùn mọ́, kí ahọ́n rẹ̀ má baà máa ṣubú sẹ́yìn. Mo rán bọ́ọ̀lù kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn bùbá tó fi ń sùn, tó fi jẹ́ pé bó bá ti fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, bọ́ọ̀lù á gún un, á yí padà. Ó sọ̀rọ̀ sí mi nítorí bọ́ọ̀lù yẹn ju bó ṣe sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìgò lọ. Èémí rẹ̀ kò yé dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ìdúró náà kúrú, oorun ọ̀sán sì kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́ ojúmọmọ. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, àìsàn mìíràn ló sì pa á. Ní àdúgbò, wọ́n ní àdúà ni wọ́n ṣe tí ó fi gbà, pé Alhaja gba ààwẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀, tí ọwọ́ mi fi ká kúrò lórí èémí rẹ̀. Alhaja gbọ́ ọ, ó sì ń sọ pé, "Àlùhàmídù lílàhì."

Nígbà tó ṣe, mo lọ sí Ìtòrí. Kò ṣòro láti rí obìnrin tó ń ta àgbo náà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró. Mo ní Alhaja aláṣọ láti Abẹ́òkúta ló rán mi, ti oorun.

"Tomi tàbí gidi?" ni ó bi mí.

"Èwo ni Alhaja máa ń rà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ah, Màmá. Alhaja kì í ra tomi. Ó ní tomi kì í gbé oorun wá."

N kò ra nǹkan kan. N kò sì sọ fún ọkọ mi. Kí ni ì bá ṣe? Ì bá ṣí fèrèsé mìíràn. Títí di òní, ohun kan ni kò yé mi. Bóyá oorun nìkan ló ń wá fún ọmọ rẹ̀, tí ìtìjú sì mú un purọ́ mọ́ mi nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀. Bóyá ó ti rí àǹfààní mìíràn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rò ó síwájú, mo ti rò ó sẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni mo sábà máa ń gbà.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, orúnkún Alhaja kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn. Bàbá ti kú nígbà náà, pálọ̀ sì di tiwa. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án lórí àga gígùn tí Bàbá ti máa ń jókòó. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un. Kò yé tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ahọ́n kó tó gbé e mì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ṣe máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí tábìlì, èmi àti òun nìkan la wà nínú ilé. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń hanrun gẹ́gẹ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń hanrun. Ọrùn ńlá kan náà ni wọ́n jọ ní. Ohùn náà gé. Mo gbé bírò sílẹ̀. Inú rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, afẹ́fẹ́ kò wọlé.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìpàkọ́ rẹ̀ ju bí òun ṣe mọ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kan, ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ rẹ̀ ń tọ́ ọ wò, ó ń ránṣẹ́, ó ń tún un rán. Mo mọ̀ pé kò mu nǹkan kan, pé yóò dáhùn. Mo mọ̀ pé mo lè dìde kí n fọwọ́ kàn án. N kò dìde. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sórí tábìlì, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà yóò ti kọ́kọ́ rí wọn, mo sì ń wò ó.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, n kò sì lè búra pé ó pẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ó fọn, ó mí, ó la ojú. Kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló wò, lórí tábìlì níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi.

"Ìyàwó Tíṣà. Láti ìgbà wo lo ti jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, Alhaja. Ẹ kú oorun."

Ó fa ìró rẹ̀ sẹ́yìn kúrò létí tábìlì mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe fà á lọ́jọ́ tí mo mú ìṣáná, kò sì padà sùn.